Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Fi Orí 1 Sílẹ̀ Lófìfo: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Jókòó Nídìí Míkísà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣe sáúńdù ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Niú Yọ́ọ̀kì, ní Èkó àti níbikíbi tí wọ́n bá ti ń jó, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú àìsùn. A mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ dé, ẹ̀yin náà lẹ máa ń kẹ́yìn kúrò, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí ohùn bá bàjẹ́ nìkan làwọn èèyàn ń rántí pé ẹ wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Spanish Harlem Orchestra la bá tọ̀ yín wá, àti ti gbogbo ẹgbẹ́ tó ń ṣe irú salsa, orin ijó àwọn ará Cuba àti Puerto Rico ní Niú Yọ́ọ̀kì, tí wọ́n ń ṣe. Ohùn àtijọ́ ni wọ́n ń jí dìde, wọ́n sì mọ̀ ọ́n jí. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí míkísà, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń darí ohùn, ni ohùn náà ti ń kú, kó tó dé etí ẹni tó sanwó wọlé. Kì í ṣe pé ẹ ò mọṣẹ́. Ètò tí ẹ fi ń gbé ẹgbẹ́ onígìtá àti onídírọ́ọ̀mù lẹ fi ń gbé wọn, ètò yẹn sì lòdì sí orin wọn láti ìpìlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àlejò tó ń bọ̀. Ọdún 2000 ni Aaron Levinson, ẹni tó máa ń darí ṣíṣe àwo orin, lọ bá Oscar Hernández pé kó kó ẹgbẹ́ kan jọ tí yóò máa ṣe salsa bí wọ́n ti ń ṣe é ní Niú Yọ́ọ̀kì ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Atẹ-píánò ni Hernández, Bronx ni wọ́n bí i sí ní 1954. Àdúgbò El Barrio, tí gbogbo ayé ń pè ní Spanish Harlem, ní ìlà oòrùn Harlem ní Manhattan, níbi táwọn ará Puerto Rico fìdí kalẹ̀ sí, ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ náà. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 2002. Èyí tó tẹ̀lé e ní 2004, tí Rubén Blades, gbajúgbajà akọrin salsa, bá wọn kọrin nínú rẹ̀, gba ẹ̀bùn Grammy ní 2005. Wọ́n tún gbà á ní 2011, wọ́n sì tún gbà á ní 2019.

Ohun kan wà nínú ìrìn Hernández tó yẹ kí ẹ̀yin onísáúńdù fọkàn sí. Òun ló ń tẹ píánò nínú Seis del Solar, ẹgbẹ́ tí Rubén Blades kó jọ ní àwọn ọdún 1980. Ẹgbẹ́ yẹn yọ trumpet àti trombone kúrò, wọ́n fi synthesizer àti vibraphone dípò wọn. Orin tó dáa ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n láàárín àkókò yẹn náà ni salsa ibòmíràn ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀: wọ́n ti ìlù sẹ́yìn, wọ́n fi akọrin ìfẹ́ kan ṣoṣo síwájú, kíbọ́ọ̀dù wá bo gbogbo rẹ̀ bí epo ṣe ń bo ọbẹ̀. Ọkùnrin tó ti rin ọ̀nà tuntun yẹn dáadáa ló tún padà lọ kó àwọn onífèrè jọ. Nígbà tó ní òun ń wá ohùn àtijọ́, ó mọ ohun tó ń sọ.

Èèyàn 13 ni ẹ máa rí lórí ìtàgé. Píánò, báàsì, àti àwọn ìlù timbales, conga àti bongo, ó di 5. Trumpet 2, trombone 2, saksofóònù baritone 1, ó di 10. Akọrin 3 ló kù. Kò sí dírọ́ọ̀mù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá láàárín wọn rárá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí ọwọ́ yín ti mọ́ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wá dírọ́ọ̀mù ẹlẹ́sẹ̀, kí ẹ gbé e sókè, kí ẹ wá to gbogbo nǹkan yòókù lé e lórí. Tí ẹ kò bá rí i, ọwọ́ yín á lọ sórí báàsì, ẹ ó sì sọ báàsì di dírọ́ọ̀mù ẹlẹ́sẹ̀.

Ẹ ka 1, 2, 3, 4. Nínú rọ́ọ̀kì àti nínú ọ̀pọ̀ orin ijó òde òní, orí 1, ìyẹn kíkà àkọ́kọ́, ni báàsì ti ń já sílẹ̀ gbì. Báàsì salsa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dún ní agbedeméjì 2 àti 3, á tún dún lórí 4, èyí tó dún lórí 4 yẹn á sì ti di kọ́ọ̀dù ìlà (ìyẹn kíkà 4) tó ń bọ̀ mú kí ìlà náà tó dé. Orí 1 wá ṣófo. Òfìfo yẹn ló ń fa ara ẹni tó ń jó síwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń kún un, kì í ṣe sìpíkà.

Wàyí o, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí sìpíkà ìsàlẹ̀ ńláńlá sílẹ̀ bí ẹ ti máa ń ṣe. Orin tó bá ń lọ ní kíkà 200 ní ìṣẹ́jú kan, kíkà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ gba 300 mílísẹ́kọ́ńdì. Tí báàsì bá dún lórí 4, tí gbọ̀ngàn àti sìpíkà sì fà á gùn tó 600 mílísẹ́kọ́ńdì, ìró yẹn á ṣì máa hó lórí 1 títí á fi dé 2. Oníjó á máa gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lù. Orin á wúwo bí ẹni ru igi gun òkè. Àwọn olórin fúnra wọn á rò pé àwọn ń falẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kó tó di ìdajì orin, ìlù àti píánò á ti máa lé ara wọn kiri.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ fi sìpíkà ìsàlẹ̀ sí ọ̀nà tirẹ̀ lórí míkísà, kó má ṣe máa gba gbogbo nǹkan láìbèèrè. Báàsì nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ẹ gbé e sókè títí àyà yín á fi mọ̀ ọ́n, kí ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ wá rìn káàkiri gbọ̀ngàn nígbà tí báàsì ń lu tumbao rẹ̀, ìlà tó máa ń tún lù léraléra yẹn, lọ. Ibi tí ìró kan bá ti ń hó ju àwọn yòókù lọ, tó sábà máa ń wà láàárín 60 sí 100 Hz (ìwọ̀n gíga ìró), ẹ gé e tín-ín-rín níbẹ̀. Ẹ má fi compressor, ẹ̀rọ tó ń mú ìró ńlá rẹlẹ̀, tẹ báàsì títí ìró rẹ̀ á fi gùn. Ìró kúkúrú ni wọ́n ń wá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lu báàsì salsa fi fẹ́ràn Ampeg Baby Bass, tó jáde ní 1962: ó dúró gọgọrọ, ara rẹ̀ jẹ́ ike, ó máa ń sọ “dù!” lẹ́ẹ̀kan, á sì kú. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ohun èlò náà bàjẹ́, á fẹ́ tún un ṣe. Ẹ má tún un ṣe.

A kọ̀wé yìí sí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ní pàtàkì nítorí pé etí yín ti gbọ́ irú nǹkan yìí kí ẹ tó gbọ́ salsa rárá. Clave wọn, ìlù igi méjì, ọwọ́ 5 ló ní nínú ìlà 2. Ní apá tó ní ọwọ́ 3, wọ́n máa ń lù ú lórí 1, ní agbedeméjì 2 àti 3, àti lórí 4. Ní apá tó ní ọwọ́ 2, orí 2 àti orí 3 ni. Ó lè má sí ẹni tó ń lù ú lórí ìtàgé, síbẹ̀ gbogbo wọn ń rìn lé e. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí agogo ṣe ń pa ìlà kan ṣoṣo mọ́ láàárín ìlù wa, tí gbogbo ìlù yòókù ń yí i ká, kò nílò àlàyé púpọ̀. Ní Cuba, bàtá mẹ́ta ló wà: iyá, itótele àti okónkolo. Iyá ni ìyáàlù wa. Chekeré wọn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wa ni. Ẹgbẹ́ Orquesta Akokán, tó ń jí mambo àtijọ́, irú orin ijó Cuba kan, dìde, mú orúkọ rẹ̀ láti inú Lucumí, ìyẹn Yorùbá tó ṣẹ́ kù sẹ́nu àwọn ará Cuba, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí “láti inú ọkàn”. Ní ilé iṣẹ́ Areito ní Havana ni wọ́n ti gba àwo wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀, gbogbo wọn nínú yàrá kan lẹ́ẹ̀kan náà, ilé iṣẹ́ Daptone sì gbé e jáde ní 2018. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: afẹ́fẹ́ yàrá yẹn wà nínú orin náà.

Ó di ọ̀ràn ìlù, ibẹ̀ ló sì dùn wá jù.

Ẹ sún mọ́ ọwọ́ onílù conga kan. Ọwọ́ 8 ló ń lù nínú ìlà kan. Ìdí àtẹ́lẹwọ́, orí ìka, slap (gbígbá awọ kó dún “pá”), orí ìka, ìdí àtẹ́lẹwọ́, orí ìka, ìró gbangba, ìró gbangba. Slap bọ́ sórí 2, ìró gbangba méjèèjì bọ́ sórí 4 àti ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ọwọ́ 8 yìí, 3 péré ló dún fáwọn tó wà lọ́nà jíjìn. Àwọn 5 yòókù, ẹ lè má gbọ́ wọn dáadáa bí ẹ bá dúró ní mítà 5 sí i láìsí máìkì, àfi bí ìgbà tí ènìyàn ń rìn lórí ewé gbígbẹ. Àwọn 5 yẹn ló ń gbé orin náà rìn. Wọ́n wà níbẹ̀ kí ọwọ́ má bàa dúró, kí slap lè bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí.

Tí ẹ bá wá tan gate, ẹ̀rọ tó ń pa ìró tí kò pariwo tó, sórí conga, bí ẹ ti ń tàn án sórí tomtom, ilẹ̀kùn á ṣí fún àwọn 3, á tì mọ́ àwọn 5. Ohun tó máa kù ni “pá… pùm-pùm”, “pá… pùm-pùm”, bí ẹni ń kànlẹ̀kùn. Kò sí ẹnìkan nínú yín tó jẹ́ fi gate sórí ìyáàlù dùndún nígbà tó bá ń ki èèyàn. Ẹ mọ̀ pé ìró kéékèèké tó wà láàárín ìró ńláńlá ló ń gbé ohùn ọ̀rọ̀ náà. Tí ẹ bá gé e kúrò, oríkì á di ariwo. Conga náà ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bongo tún wá burú jù ú lọ, torí martillo tí wọ́n ń lu sí i, ọwọ́ 8 bákan náà ni, ìró hembra, ìyẹn ojú ńlá bongo, ló ń bọ́ sórí 4, gbogbo yòókù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìka nìkan. Ẹ pa gate. Ẹ pa á pátápátá lórí gbogbo ìlù wọn.

Ẹ gbé máìkì conga sókè ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sí ojú awọ, ní etí rẹ̀, kó kọjú sí ibi tí ọwọ́ ti ń bọ́, kì í ṣe àárín gbùngbùn. Ọ̀kan fún conga, ọ̀kan fún tumba, ìkejì rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ. Bí ọ̀nà bá há lórí míkísà, ẹ lè fi ọ̀kan sí àárín méjèèjì, á ṣiṣẹ́. Ẹ wo ìdí ìlù náà pẹ̀lú: ó ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni ìró tó jinlẹ̀ ti ń jáde. Bí wọ́n bá gbé e lé kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn láìfi nǹkan gbé e sókè, ìró yẹn á há sínú. Bí wọ́n bá sì gbé e lé pákó tó ṣófo nísàlẹ̀, pákó á máa dún bí ìlù kejì. Awọ náà ń gbóná lábẹ́ iná ìtàgé, ó sì ń rọ̀ bí òjò bá ń bọ̀. Aládùúgbò ni conga àti tumba, àlàfo tó wà láàárín ohùn wọn sábà máa ń jẹ́ ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú “dò” ìsàlẹ̀ sí “fà”. Tí ẹ bá gbọ́ pé àlàfo náà ti yẹ̀ láàárín ìdánwò ọ̀sán àti eré alẹ́, ẹ sọ fún onílù kó tún un fà, ẹ má fi bọ́tìnì tún un ṣe.

Timbales jẹ́ ojú ìlù méjì, ínṣì 14 àti 15 lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú agogo àti sáńbálì lórí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ orin, ara irin rẹ̀ ni onílù ń fi igi lù, wọ́n ń pè é ní cáscara. Máìkì kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ láàárín ojú méjèèjì, ó ti tó. Cáscara kì í pariwo, ó sì máa ń bọ́ sọnù bí ẹ bá ti gbé gbogbo ìrètí yín lé máìkì ìsàlẹ̀ nìkan.

Ẹ wá tẹ́tí sí abanico. Onítimbales á fi igi gbá etí ìlù, á yí igi wéréwéré, á tún gbá etí ìlù lẹ́ẹ̀kan sí i: “tá-trrrrr-tá!” Àmì nìyẹn. Gbogbo nǹkan fẹ́ yí padà. Lẹ́yìn abanico tó mú orin wọ montuno, apá tí akọrin ti ń pè tí àwọn yòókù ń dáhùn, onítimbales á kúrò lórí cáscara, á bọ́ sórí agogo rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn kan náà, onílù bongo á gbé bongo sílẹ̀, á mú campana, agogo ńlá tí wọ́n ń dì mú lọ́wọ́. Agogo méjì á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí máìkì bongo bá ṣì wà ní ibi tó wà, tí ẹ sì ti gbé e sókè láti fi wá ìka martillo, campana á wọlé bí òòlù. Gbogbo ènìyàn á fọwọ́ bo etí, ẹ ó sáré fà á wálẹ̀, nígbà tí orin bá padà sí bongo, ẹ ó gbàgbé láti gbé e padà. Nítorí náà, máìkì méjì ni: ọ̀kan fún bongo, ọ̀kan fún campana, kí ti campana jìnnà tó 40 sẹ̀ǹtímítà. Abanico ni kí ẹ fi ṣe aago yín: tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ọwọ́ yín wà lórí àwọn méjèèjì. Nínú gbọ̀ngàn kékeré tó ń gba ènìyàn bíi 300, campana kò nílò máìkì kankan.

Bí ẹ ṣe tò wọ́n sórí ìtàgé ṣe pàtàkì tó ohunkóhun tí ẹ bá ṣe lórí míkísà. Ìtàgé ayẹyẹ máa ń fẹ̀, àwọn aṣètò sì fẹ́ kó kún lójú, wọ́n á wá fi mítà 8 sáàárín píánò àti timbales. Ohùn ń gba nǹkan bíi 23 mílísẹ́kọ́ńdì láti rin mítà 8. Ní kíkà 200, àlàfo láàárín ọwọ́ conga kan sí èkejì jẹ́ 150 mílísẹ́kọ́ńdì. Ẹ rí i pé 23 nínú 150 kì í ṣe nǹkan kékeré: ọ̀kan nínú ìdá mẹ́fà tàbí méje ni. Àwọn tó ń lù á mọ̀ ọ́n lára. Píánò á máa gbọ́ timbales láìpẹ́ lẹ́yìn tí ó ti yẹ kó gbọ́ ọ, á máa dúró dè é, timbales náà á máa dúró de píánò. Mọ́nítọ̀, sìpíkà tó kọjú sí àwọn olórin fúnra wọn, lè dín in kù, ṣùgbọ́n ohùn tó ń bọ̀ látinú afẹ́fẹ́ á ṣì máa dé lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ kan á di méjì létí wọn.

Ẹ kó ìlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sáàárín, kí àárín wọn má ju mítà kan àtààbọ̀ lọ. Píánò ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí atẹ-píánò lè rí ojú onítimbales. Báàsì láàárín píánò àti conga. Onífèrè ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Akọrin níwájú. Bí ìtàgé bá fẹ̀ tó mítà 16, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lófìfo, kí aṣètò fi òdòdó síbẹ̀ tó bá wù ú.

Àwọn onífèrè. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi asẹ́ gé ìsàlẹ̀ gbogbo máìkì ní 100 tàbí 120 Hz láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọwọ́ kúrò lórí baritone. Ìró rẹ̀ tó kéré jù ń bọ́ sí nǹkan bíi 65 Hz, òun sì ni ilẹ̀ tí trumpet àti trombone dúró lé. Tí ẹ bá gé e ní 120, fèrè 5 á di 4, orin á sì tín-ín-rín lójijì láìsí ẹni tó mọ ìdí. 50 Hz ti tó láti gé e. Ẹ gbé máìkì rẹ̀ sí ọ̀kánkán àárín ohun èlò náà, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, kó yí díẹ̀ sí ẹnu rẹ̀. Ẹ má tì í bọ ẹnu, torí ìró tó ń gba ojú ihò ara rẹ̀ jáde kò níí dé ibẹ̀. Ní ti trombone, apá rẹ̀ ń nà jáde ju ìdajì mítà lọ, ẹ wo ibi tí igi máìkì àti igi ìwé orin dúró sí kí apá náà má bàa gbá wọn. Ìwé orin tó ga jù náà máa ń bo ẹnu trumpet. Nǹkan kékeré ni, ó sì ń ba ohùn jẹ́ ju máìkì olówó gọbọi lọ.

Ẹ má máa lé àwọn onífèrè kiri pẹ̀lú bọ́tìnì. Ẹni tó kọ orin náà sílẹ̀ ti ṣètò bí wọ́n ṣe máa ga àti bí wọ́n ṣe máa rẹlẹ̀. Ẹ tò wọ́n dọ́gba, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìgbà tó bá di apá orin tí wọ́n ń pè ní mambo, tí akọrin dákẹ́ tí fèrè gba iwájú, ohùn gbọ́dọ̀ ga. Tó bá di moña, tí wọ́n ń to ìlà kan lé òmíràn láìwo ìwé, á tún ga sí i. Bí compressor bá wà lórí gbogbo ẹgbẹ́ lápapọ̀, ibẹ̀ gan-an ló máa tẹ gbogbo wọn mọ́lẹ̀: trumpet á kígbe, conga àti píánò á rì. Orin tó yẹ kó fò á kàn fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Láti ìdánwò ọ̀sán ni kí ẹ ti ní kí wọ́n ṣe mambo tó le jù, kí ẹ fi ìyẹn wọn òkè ohùn yín, kí àyè lè ṣẹ́ kù.

Píánò kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ti gidi bá wà, ẹ lo ti gidi, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí ìlù kò sí. Ọwọ́ méjèèjì ló ń tẹ montuno (níbí, ìlà kúkúrú tí píánò ń tún tẹ̀ léraléra), ìró kan náà ní òkè àti nísàlẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ já bí igi gbígbẹ. Bí kíbọ́ọ̀dù bá ni, ẹ yọ gbogbo ìró yàrá tí wọ́n ti fi sínú rẹ̀ kúrò.

Ọ̀rọ̀ ìró yàrá náà nìyẹn. Reverb tó gùn tó ìṣẹ́jú àáyá 2, ní kíkà 200, ń bo kíkà 6 ó lé. Ó tó ìlà kan àtààbọ̀! Coro, ìyẹn àwọn tó ń gbè, á ti dáhùn kí ohùn adarí orin tó kúrò nílẹ̀. Ìpè àti ìdáhùn ni orin yìí, bíi lílé àti gbígbè tiwa: ẹni tó ń lé ń dá ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn tó ń gbè ń dá a lóhùn. Tí gbólóhùn kan bá gun orí èkejì, ẹ ti gba ọgbọ́n lẹ́nu ẹni tó ń lé. Ìṣẹ́jú àáyá 0.8 ni kó pọ̀ mọ fún akọrin. Ìlù kò gbọ́dọ̀ ní rárá.

Máìkì akọrin kọjú sí akọrin, ìyẹn ni pé ó kọjú sí timbales tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Tí ẹ bá gbé ohùn akọrin sókè ní 3,000 Hz kó lè hàn, agogo lẹ ń gbé sókè. Ẹ sún akọrin 3 yẹn kúrò ní ọ̀kánkán timbales, bí ó tilẹ̀ jẹ́ mítà kan péré, ẹ fi píánò sínú mọ́nítọ̀ wọn ju ohunkóhun mìíràn lọ, kí wọ́n lè rí ohùn wọn dì mú. Akọrin a tún máa mú maracas tàbí güiro lọ́wọ́. Ẹ fi máìkì kan tó rẹlẹ̀ dúró dè wọ́n, kí wọ́n má bàa máa ha güiro sí máìkì tí wọ́n fi ń kọrin.

Tí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀, ọ̀nà 20 lẹ nílò lórí míkísà: ìlù 6, píánò 2, báàsì 2, fèrè 5, ọ̀kan fún flute bí ẹnì kan nínú àwọn onífèrè bá tún ń fọn ọ́n, akọrin 3, ọ̀kan fún güiro. Kò pọ̀. Ohun tó wọ́n ni àkókò. Ẹ sọ fún aṣètò ayẹyẹ pé wákàtí kan àtààbọ̀ lẹ fẹ́ fún ìdánwò, ẹ má gba ìṣẹ́jú 20 tí wọ́n máa ń fún ẹgbẹ́ onígìtá mẹ́rin.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà pẹ̀lú “ẹ lu ọ̀kan, ó tó, ẹ lu èkejì”. Báàsì, conga àti píánò ni kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́ta, lórí montuno kan ṣoṣo tí kò dúró. Oníjó ará Niú Yọ́ọ̀kì ń ṣí ẹsẹ̀ lórí 2, slap conga ló ń fi mọ 2, nítorí náà bí slap kò bá hàn láàárín báàsì àti píánò, kò sí ohun tó kàn yín nípa trumpet síbẹ̀. Ẹ fi bongo sí i, ẹ fi timbales, ẹ fi coro, fèrè ni kó kẹ́yìn.

Nígbà tí gbogbo wọn bá ti wọlé, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa lu montuno náà lọ fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ dìde nídìí míkísà. Ẹ lọ dúró sáàárín ibi tí wọ́n máa ti jó, ẹ di ojú, ẹ máa ka 1, 2, 3, 4. Bí ẹ bá gbọ́ báàsì lórí 1, ẹ padà lọ fà á wálẹ̀, kí ẹ tún wá dúró síbẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwa alábàáṣiṣẹ́ yín, tí a fẹ́ràn orin yìí.